Ọwọ́ Òsì àti Lẹbẹ Mọ́tò Bàbá Àmúsá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìlú Jẹ́dà, àkísà ni ìyá mi fi ń so ọwọ́ òsì mi mọ́ ìbàdí. Ẹ má bínú sí i o. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nígbà náà. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlọ́run dá mi, ilé wa kò sì gba ọlọ́wọ́ òsì láyè. Bí mo bá fi òsì bu òkèlè, àbàrá ni. Bí mo bá fi òsì na nǹkan sí àgbà, àgbà náà á fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ní ilé-kéú, àfáà ní kí n kọ álífù sára pátákó wàláà, mo fi òsì kọ ọ́, ó gún régé, ó rẹwà. Pàṣán mẹ́ta ni mo gbà fún ẹwà yẹn. Ìyá mi á ní, "Àbẹ̀kẹ́, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni." Èmi á máa rò ó nínú ara mi pé ilé bàbá wo gan-an? Yàrá kan tí a háyà, ta ló fẹ́ béèrè ọ̀nà ibẹ̀?

Ruwéèsì ni à ń gbé, àdúgbò àtijọ́ kan létí òkun, níbi tí àwọn ilé kúkúrú ti fara ti ara wọn, tí àwọn alágbàṣe àti oníṣòwò wẹ́wẹ́ kún inú wọn. Òórùn iyọ̀ òkun àti ẹja díndín kì í kúrò lára wa. Bí a bá fọ aṣọ tí a sá a, afẹ́fẹ́ òkun á tún fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i kó tó gbẹ. Láàárọ̀, bàbá mi á ra búrẹ́dì tamísì gbígbóná, èyí tó fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ, a ó fi jẹ ẹ̀wà fúùlù tí òróró léfòó lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fá ìpẹ́ ẹja kí ìyá mi tó dín in. Wọ́n máa ń tú ọwọ́ mi sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n òsì kò gbọ́dọ̀ ṣe ju kó di ìrù ẹja mú, ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ di ọ̀bẹ. Ẹja á máa yọ̀ lọ, ìpẹ́ á lẹ̀ mọ́ mi lójú, lẹ́nu, títí dé inú irun. Nínú eré súwè nìkan ni ara ti máa ń tù mí, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ta á, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè pé ẹsẹ̀ wo ni.

Jẹ́dà ni wọ́n bí mi sí, Lárúbáwá ló sì yá mi lẹ́nu jù. Ìyá mi á pè mí ní Yorùbá, màá ní "náàmù." Á ní kí n wá, màá ní "táyìbù," ìyẹn ó dára. Á wá ní, "Mi ò bí táyìbù o, ọmọ Ìlọrin ni mo bí."

Hájì ni òun àti bàbá mi bá dé ìlú náà láti Ìlọrin, kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi ní òun kàn fẹ́ ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́fà kí òun lè rí nǹkan mú lọ sílé. Oṣù mẹ́fà náà di ọdún mẹ́sàn-án. Panẹ́lì bítà ni bàbá mi. Mọ́tò tó bá ti gbá ògiri, tí ara rẹ̀ wó wọnú, òun ló ń lù ú títí tí yóò fi tẹ́jú padà, ní wọ́kùṣọ́ọ̀bù kan ní Mahajà, ní ìhà gúúsù ìlú. Ọ̀jáfáfá ni, ṣùgbọ́n kò ní ìkámà, ìwé tí àlejò fi ń gbé ní orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tí kò ní ìkámà, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń tọ̀. Bí a bá rí ọkọ̀ ọlọ́pàá lókèèrè, a ó yà sí kọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Mẹ́kà tí gbogbo ayé ń wọkọ̀ òfurufú wá wò, tí kò ju ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan lọ sí ilé wa, a kò lè dé ibẹ̀, nítorí àwọn tó ń yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ilé-ìwé. Láìsí ìkámà bàbá, ilé-ìwé kò ní kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, kéú nìkan ni mo ń lọ. Láràárọ̀ ni mo ń dúró lójú fèrèsé, tí mò ń wo àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń kọjá lọ sí ilé-ìwé. Ọ̀kan wà nínú wọn tí báàgì rẹ̀ jẹ́ pupa. Mo kórìíra ọmọ náà dé ìsàlẹ̀ ọkàn mi, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ mí rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yí padà ni ọ̀dọ̀ baba arúgbó kan, ọmọ ìbílẹ̀ Jẹ́dà, tó ń gbé ní ìkángun àdúgbò wa. Ámì Hámúsà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ní ilé tiwa, ó di Bàbá Àmúsá, bí orúkọ náà ṣe máa ń rí tó bá dé Ìlọrin. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Ó ní mọ́tò kan tó fi tapólì bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, mọ́tò Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, tó gùn ju yàrá wa lọ. Ara rẹ̀ ní àwọ̀ omi òkun òwúrọ̀, orí rẹ̀ funfun. Bàbá tó bí i lọ́mọ ló fi mọ́tò náà kó àwọn arìnrìn-àjò Hájì láti etíkun Jẹ́dà lọ sí Mẹ́kà nígbà tí Bàbá Àmúsá wà ní ọ̀dọ́. Ìdí mọ́tò náà ló yani lẹ́nu. Lẹbẹ méjì bíi ti ẹja ni wọ́n ṣe síbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n gùn, wọ́n sì mú ṣóṣó lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, èmi tí mò ń fá ìpẹ́ ẹja lójoojúmọ́, mo gbà pé inú òkun ni wọ́n ti fa mọ́tò yẹn jáde.

Ṣùgbọ́n lẹbẹ ọ̀tún nìkan ló kù. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló kọjú sí ògiri, ẹ̀gbẹ́ òsì ló kọjú sí òkun, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sì ti jẹ lẹbẹ òsì fún ọ̀pọ̀ ọdún títí irin rẹ̀ fi dógùn-ún tó sì jẹrà bọ́ sílẹ̀. Bàbá Àmúsá fẹ́ kí wọ́n tún mọ́tò náà ṣe, kí òun lè gbé e dé Mẹ́kà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú òun tó dí pátápátá. Àwọn oníṣẹ́ mìíràn ní kí wọ́n kúkú gé ti ọ̀tún kúrò, kí ìdí mọ́tò lè dọ́gba. Baba fárígá. Ó ní ẹni tó bá gé e, kó bẹ̀rẹ̀ láti ara apá òun.

Ìgbà tí ó gbọ́ nípa bàbá mi ló ránṣẹ́ pè é. Bàbá mi délé lọ́jọ́ náà, kò lè jẹun. Ó sọ fún ìyá mi pé Bàbá Àmúsá ní bí òun bá lè dá lẹbẹ òsì padà, tí àtẹ́lẹwọ́ baba náà kò fi mọ èyí tó jẹ́ tuntun nínú méjèèjì, baba náà ni yóò ṣe káfíìlì òun, ìyẹn ọmọ ìlú tó ń dúró fún àlejò kó tó lè rí ìkámà gbà. Kí oṣù Ààwẹ̀ tó dé ni o. Bí kò bá dọ́gba, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ, baba á wá ẹlòmíràn. Ìyá mi wò mí, ó ní, "Ọmọ yìí á wọ ilé-ìwé." Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣòro. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Bàbá Àmúsá máa ń fọ mọ́tò náà nígbà èwe rẹ̀. Ojú rẹ̀ lè máa kú lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. Wọ́n fa mọ́tò náà lọ sí wọ́kùṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Mahajà, bàbá mi gé páálí, ó fi ya bátànì lẹbẹ ọ̀tún, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì fi gé irin fún òsì. Lójú tèmi, ó dọ́gba. Bàbá Àmúsá fi ọwọ́ ra á, ó mi orí. Ó ní, "Ti ọ̀tún ń mí. Èyí kò mí." Bàbá mi tú u palẹ̀, ó tún un ṣe, baba tún sọ bákan náà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá mi ṣàlàyé fún wa pé páálí lè sọ ibi tí nǹkan parí sí, kò lè sọ bó ṣe wú. Lẹbẹ yẹn ní ikùn, ó ní ìbàdí, ó ní ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gbéra, òun kò sì mọ bí òun ṣe lè rí i mú.

Ìbátan wa kan wà ní Mẹ́kà, Bùrọ̀dá Lúkù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè Lárúbáwá ní yunifásítì tó wà ní Abídíyà, lójú ọ̀nà Árááfà. Ó ní ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀, nítorí náà ó lè wá kí wa ní òpin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ìṣòro wa, ó rántí ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà àtijọ́ kan tó rí láàárín àwọn ìwé àlòkù tí wọ́n ń tà, ó sì lọ rà á wá. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń ka Òyìnbó, ó ń tú u sí Yorùbá fún wa.

Àwòrán inú rẹ̀ ni mo rántí jù. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí wọ́n so táì, tí wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, yí mọ́tò ńlá kan po. Mọ́tò náà kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní gíláàsì. Amọ̀ ni. Bùrọ̀dá Lúkù ní iṣẹ́ àwọn yẹn kì í ṣe láti ṣe ẹ́ńjìnnì rárá, kí wọ́n ṣáà ronú bí mọ́tò yóò ṣe rí lójú ni. Wọ́n á yà á sórí ìwé lọ́nà ọgọ́rùn-ún, wọ́n á so gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n á jiyàn títí. Èyí tí wọ́n bá mú nínú rẹ̀, wọ́n á fi amọ̀ mọ ọ́n ní títóbi mọ́tò gan-an, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, wọ́n á máa ha á níhìn-ín, wọ́n á máa lẹ díẹ̀ kún un lọ́hùn-ún. Ó ní ti lẹbẹ yìí, àwọn kan nínú wọn rí ọkọ̀ òfurufú kan tí ìrù rẹ̀ pín sí méjì, wọn kò sì lè gbé e kúrò lọ́kàn.

Bàbá mi bi í bóyá lẹbẹ ló ń jẹ́ kí mọ́tò sáré.

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹwà lásán ni."

Bàbá mi tún wo àwòrán náà. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Èèyàn jókòó síbì kan, ó ń gbowó oṣù, kó lè fi ìrù ẹja sí mọ́tò!" Ṣùgbọ́n mo rí i pé ohùn rẹ̀ kò kẹ́gàn wọn. Ohùn ẹni tó ń jowú ni.

Ìyá mi ti fi ẹja sílẹ̀ lórí iná. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí ìwé náà, òróró ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Amọ̀ ni wọ́n ní?"

"Amọ̀ ni, Àǹtí."

"Ọkùnrin sì ni gbogbo wọn?"

"Ọkùnrin ni."

Ó wo àwòrán náà dáadáa. "Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ amọ̀."

Ó yẹ kí n ti sọ fún yín pé amọ̀kòkò ni ìyá tó bí ìyá mi, ìyá tirẹ̀ náà sì jẹ́ amọ̀kòkò. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Ìlọrin, iṣẹ́ obìnrin ni. Wọn kì í yí ìkòkò, amọ̀kòkò fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, tó ń fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká, títí ikùn rẹ̀ yóò fi wú bó ṣe yẹ. Ìyá mi kò tíì fọwọ́ kan amọ̀ láti ìgbà tó ti dé Jẹ́dà. Lọ́jọ́ yẹn, ó sọ fún bàbá mi pé kó wá amọ̀ wá fún òun.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ààrò búrẹ́dì ni bàbá mi ti rí i. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, tí wọ́kùṣọ́ọ̀bù dá páropáro, ni a lọ sí Mahajà. Ìyá mi fi ẹsẹ̀ gún amọ̀ náà, ó sì mọ ọ́n mọ́ ara mọ́tò lórí wáyà tí bàbá mi ti tẹ̀ síbẹ̀. Lẹbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hù lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Inú wa dùn débi pé a ra nǹkan aládùn jẹ lójú ọ̀nà. Nígbà tí bàbá mi fi máa débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ooru Jẹ́dà ti ṣe tirẹ̀. Amọ̀ ti là yẹ́ẹ́yẹ̀ẹ̀yẹ́, ó sì ti sún kì bí ẹnu arúgbó tí kò léyín. Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. Ìkòkò náà máa ń sún kì tó bá ń gbẹ, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ìyẹn? Ìkòkò kò ní ìkejì tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Nínú gbogbo ìdílé amọ̀kòkò yẹn, kò sẹ́ni tó tíì ní kí wọ́n mọ ìdajì ìkòkò kó bá ìdajì kejì mu rí.

Bùrọ̀dá Lúkù tún ṣí ìwé rẹ̀. Lábẹ́ àwòrán, lẹ́tà wínníwínní kan wà níbẹ̀ pé òróró àti ìda ni wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ náà, tí kò fi ní gbẹ, kò ní sún kì. Ó ti rí i tẹ́lẹ̀, ó ní òun rò pé kò ṣe pàtàkì. Ìyá mi pòṣé, ó ní, "Bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń kàwé nìyẹn." Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àbẹ́là la yọ́, òróró ẹ̀pà la dà sí i, amọ̀ tí a kù kúnná la rọ́ sí i. Èmi ni mò ń rò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ ó rọ̀ jù, ìgbà kejì ó le, ìgbà kẹta ó di ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ bá sọ̀rọ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni oúnjẹ wa fi ń rùn àbẹ́là.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, amọ̀ kò là. Ṣùgbọ́n ìyà mìíràn dé. Ìyá mi á fi ọ̀tún ra lẹbẹ ọ̀tún, á lọ sí òsì, á fi ọ̀tún kan náà mọ ọ́n, gbogbo rẹ̀ á sì dojú rú, nítorí àtàǹpàkò rẹ̀ bọ́ síbi tó yẹ kí ọmọńdinrín wà. Ó gbìyànjú òsì. Òsì rẹ̀ gọ̀, kò tíì fi ṣe iṣẹ́ kan láyé rẹ̀ ju kó fi wẹ ọ̀tún lọ. Ó jókòó sórí táyà, ó ń nu ojú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí Ààwẹ̀ dé. N kò rí i kí ìyá mi sunkún nítorí iṣẹ́ rí.

Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹbẹ ọ̀tún, pẹ̀lú àkísà mi. Láti ọjọ́ tí a ti ń wá síbẹ̀, ọwọ́ mi kan ṣoṣo tó dá wà ni mo fi ń ra á, nítorí kò sí eré mìíràn níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ẹ̀yìn eyín mi. Mo sì ṣàkíyèsí pé bí ọ̀tún bá ti ń ra á, àwọn ìka òsì mi á máa rìn fúnra wọn nínú àkísà.

Mo ní, "Ìyá, ẹ tú mi sílẹ̀. Òsì ló mọ ti òsì."

Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, láìsí táyìbù. Ìyá mi wò mí títí. Ó wo bàbá mi, bàbá mi wo ilẹ̀. Ó ní, "Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún lọwọ́ fi ń mọ́," ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bíi pé ara rẹ̀ ló ń bá wí. Ló bá tú àkísà náà.

Mo di ojú mi. Mo fi ọ̀tún ra lẹbẹ ọ̀tún láti ìdí dé ṣóńṣó, mo rìn lọ sí òsì, mo fi òsì lé amọ̀. Ibi tó bá ga jù, màá ha á. Ibi tó bá jìn, màá lẹ díẹ̀ kún un. Màá tún padà. Ìyá mi dúró tì mí, ó ń sọ pé kí n má fi ìka tẹ̀ ẹ́, àtẹ́lẹwọ́ ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n máa fẹ̀yìn rìn bí mo ṣe ń ṣe é. Òun ló ń dán an lẹ́yìn mi. Jímọ̀ méjì la fi ṣe é. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi mú irin, ó ń lù ú, ó ń gbé e lé amọ̀ wò, ó tún ń lù ú, títí irin náà fi jókòó lórí amọ̀ bí fìlà lórí olówó rẹ̀. Ó yọ amọ̀ kúrò, ó jó irin mọ́ mọ́tò, ó sì kùn ún.

Ọjọ́ tí Bàbá Àmúsá wá, Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fà á lọ́wọ́ wọlé. Ó ra ti ọ̀tún, ó ra ti òsì, ó padà sí ọ̀tún. Mo ń rí báàgì pupa níwájú mi. Baba wá gbá lẹbẹ ọ̀tún, ti àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn, ó ní, "Èyí ni tuntun. Ó dára, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n."

Bàbá mi sọ fún un jẹ́jẹ́ pé òsì ni tuntun. Baba kò kọ́kọ́ gbà. Nígbà tó gbà, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọwọ́ tó ṣe é. Gbogbo wọn wò mí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ara mi, òsì ni mo nà sí àgbàlagbà. Mo gbọ́ bí ìyá mi ṣe mí kanlẹ̀. Bàbá Àmúsá gba ọwọ́ náà, ó tẹ́ ẹ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ra á láti ọrùn-ọwọ́ dé orí ìka, bó ṣe ra mọ́tò. Ó ní, "Máṣáálà."

Ìkámà kò jáde kíákíá, ṣé ẹ mọ ọ̀rọ̀ ìwé. Ààwẹ̀ lọ, Hájì lọ. Baba ní òun kò ní dá lọ sí Mẹ́kà láìsí àwọn tó tún mọ́tò òun ṣe, pé Mẹ́kà kò ní sá lọ. Lọ́jọ́ tí ìwé dé, àwa àti Baba wọ mọ́tò náà, bàbá mi ló wà á. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, bàbá mi di ìkámà mú síta fèrèsé. Ọlọ́pàá náà yẹ ìwé wò ṣókí, ó rìn lọ sẹ́yìn mọ́tò, ó fi ọwọ́ ra lẹbẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó sì juwọ́ sí wa pé ká máa lọ. Bùrọ̀dá Lúkù àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dúró dè wá ní Abídíyà pẹ̀lú dàbínù àti omi sámúsámù. Wọ́n yí mọ́tò po bíi ti àwọn ọkùnrin inú àwòrán yẹn.

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sí ilé-ìwé. Ó fi Lárúbáwá tó ń tiro sọ fún olùkọ́ pé kó fi ọwọ́ òsì ọmọ òun sílẹ̀, ọwọ́ yẹn ló mú un débẹ̀. Àkísà yẹn di ohun tí a fi ń nu sítóòfù.

Ìlọrin ni mo wà báyìí, eyín àtọwọ́dá ni mo ń ṣe fún àwọn tí eyín wọn ti ká. Ìda ni mo fi ń kọ́kọ́ mọ ọ́n, ọ̀tún fún ọ̀tún, òsì fún òsì. Nígbà tiwa, wọ́n ń lu ọmọ nítorí ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un. Lónìí, ọmọ mi Sùmáyà ń fi òsì kọ̀wé, olùkọ́ rẹ̀ sì ń yìn ín. Òtítọ́ ni pé nǹkan kan ti lọ. Mọ́tò ayé òde òní jọra bí ẹyin, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń yà wọ́n, kò sì sí èyí tó ń ya ọmọdé lẹ́nu kó rò pé inú òkun ló ti wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ pé ayé àtijọ́ ló sàn. Ọmọ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń yà sí kọ̀rọ̀ fún ọlọ́pàá.

Bàbá mi ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Lóṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan láti Jẹ́dà fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mọ́tò Bàbá Àmúsá ni, níbi tí wọ́n pàtẹ àwọn mọ́tò àtijọ́ sí, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé gbogbo ara rẹ̀ wà bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ṣe é. Ìyá mi gba fóònù, ó sún un mọ́ ojú, ó ní, "Ti ọ̀tún yẹn, ẹni tó mọ ọ́n kánjú." Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún. Sùmáyà sáré wá, ó ní kí n fi ibi tí bàbá àgbà ṣe han òun. Mo na ọwọ́ òsì mi, mo fi júwe rẹ̀ fún un. Ìyá mi jókòó síbẹ̀, ó ń wò mí, kò sì bá mi wí.